Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Fóòmù Abẹ́ Pákó fún Ilẹ̀ Tó Ń Gbóná àti Ilẹ̀ Tó Ń Rin

Ọ̀rọ̀ pákó lámínéètì, èyí tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní wúdín táìlì, ló gba ojú ìwé yìí lóṣù yìí. Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, tí àwọn kan ń pè ní fóòmù, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní underlay, ni gbogbo lẹ́tà márààrún dá lé. A ó máa pè é ní ìtẹ́lẹ̀ níbí, torí kì í ṣe fóòmù ni gbogbo rẹ̀.

Láti Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ra ilé ní Kánádà. Ilé náà ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ di yàrá àlejò. Páìpù omi gbígbóná wà nínú kọnkéré ibẹ̀, òun ló ń mú yàrá náà móoru nígbà òtútù. Wọ́n fẹ́ tẹ́ pákó lámínéètì 8 mm lé e. Oríṣi ìtẹ́lẹ̀ mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù fi hàn wọ́n: pátákó fífúyẹ́ 5 mm tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi ṣe, fóòmù líle 3 mm, àti rọ́bà 2 mm kan tó wúwo, tó sì wọ́n ju méjì yòókù lọ. Ọkọ ọmọ mi ní èyí tó nípọn jù ló yẹ, torí abẹ́ ilẹ̀ máa ń tutù. Mò ń lọ kí wọn, èmi ni n ó sì bá wọn tẹ́ ẹ. Èwo ni ká rà?

Ìdáhùn: Bàbá, rọ́bà tínrín tó wúwo yẹn ni kí ẹ rà.

Ohun tí ọkọ ọmọ yín sọ ì bá tọ̀nà ká ní kò sí ooru nínú ilẹ̀ náà. Lórí kọnkéré tútù, ohun tó nípọn máa ń gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ òtútù. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwọn, inú kọnkéré ni ooru ti ń bọ̀. Ẹ wo bí ìyá ẹlẹ́kọ ṣe máa ń fi náílọ̀n àti àpò nípọn bo ẹ̀kọ rẹ̀ kó má bàa tutù kó tó dé ọjà. Ooru kì í ráyè jáde, ọ̀dọ̀ ẹ̀kọ náà ló ń wà. Iṣẹ́ tí ìtẹ́lẹ̀ nípọn máa ṣe lórí ilẹ̀ tó ń gbóná nìyẹn gẹ́lẹ́: kọnkéré á gbóná, yàrá á tutù.

Nọ́ńbà kan wà lára páálí ìtẹ́lẹ̀ tó dáa, tó ń sọ bí ó ṣe ń dí ooru lọ́nà tó. Ní Yúróòpù, m²K/W ni wọ́n ń kọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́n tún máa ń kọ tog, tog kan sì jẹ́ 0.1 m²K/W. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, R ni ẹ ó rí. Ẹ fi 5.68 sọ nọ́ńbà Yúróòpù di púpọ̀, R tirẹ̀ á jáde. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ooru ṣe ń rí ọ̀nà kọjá tó. Ààlà tí àwọn tó ń ṣe lámínéètì sábà máa ń fún èèyàn ni 0.15 m²K/W, ìyẹn R 0.85, fún pákó àti ìtẹ́lẹ̀ pa pọ̀. Pa pọ̀ ni o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á wo ti ìtẹ́lẹ̀ nìkan, wọ́n á gbàgbé pé pákó fúnra rẹ̀ ń dí ooru.

Pákó 8 mm máa ń kó nǹkan bí 0.06 nínú rẹ̀, ó ku 0.09. Pátákó ìyẹ̀fun igi 5 mm máa ń tó 0.10, àpapọ̀ di 0.16, ó ti kọjá ààlà. Fóòmù líle 3 mm máa ń tó 0.09, òun dúró létí ààlà gan-an. Bí wọ́n bá fi pákó 12 mm rọ́pò 8 mm lọ́la, ó ti ré kọjá. Rọ́bà tó wúwo kì í sábà ju 0.01 sí 0.02 lọ, àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pákó kò ju 0.08. Ẹ ka ti ara páálí tí ẹ bá rà, torí nọ́ńbà máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ rèé. Ká sọ pé yàrá náà nílò 50 wáàtì fún 1 m² ní ọjọ́ tí òtútù mú gan-an. Ẹ fi 50 sọ 0.16 di púpọ̀, 8 ni: kọnkéré gbọ́dọ̀ fi 8°C gbóná ju ojú pákó lọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 0.08, 4°C péré ni. Nítorí náà, kí ojú pákó tó wà ní 26°C, kọnkéré tó wà lábẹ́ pátákó nípọn á gbóná dé 34°C, èyí tó wà lábẹ́ rọ́bà kò ní ju 30°C lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé omi kaná ló máa san 4°C tó wà láàárín wọn, ní gbogbo ọjọ́ òtútù. Bí ẹni tó kọ́lé náà kò bá sì tẹ́ pátákó adènà ooru sábẹ́ kọnkéré nígbà tó ń dà á, ooru tí kò rí ọ̀nà lọ sókè á wọ inú ilẹ̀ lọ.

Ìdí kejì kò kan ooru rárá, ẹ̀yin káfíńtà lẹ ó sì mọ̀ ọ́n jù. Ẹnu tí pákó kan fi ń gbá èkejì mú tínrín, inú ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ mọ́ra ni wọ́n sì ti gbẹ́ ẹ. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá rọ̀, ẹnu náà á máa tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tẹ́sẹ̀ bá gorí rẹ̀, títí á fi ya. Ẹ béèrè ègé kékeré lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Fóòmù funfun bí èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn á jìn wọlé, àpá èékánná yín á sì wà níbẹ̀. Rọ́bà yẹn kò ní mira. Lára páálí, CS ni wọ́n fi ń kọ agbára yìí, kPa ló sì tẹ̀ lé e. 10 kPa ni èyí tó kéré jù tó ṣeé gbà. 60 kPa tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí pákó náà dojú dé. Bí ilé iṣẹ́ bá ti lẹ ìtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ má ra òmíràn mọ́. Méjì tó gorí ara wọn á rọ̀ jù, ooru á há, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò sì ní dá yín lóhùn tí ẹnu pákó bá ya. Ní Kánádà, wọ́n tún máa ń ta ike oníkókó kan fún yàrá abẹ́ ilẹ̀, tó ń fi àlàfo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ lórí kọnkéré. Ó wúlò fún ilẹ̀ tútù, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀ ń dí ooru. Kì í ṣe ti ilẹ̀ tó ní páìpù gbígbóná.

Ó wá ku omi. Ilẹ̀ ló yí yàrá náà ká, ilẹ̀ kì í sì í gbẹ tán. Náílọ̀n tó nípọn tó 0.2 mm ni kí ẹ tẹ́ lé kọnkéré kí ìtẹ́lẹ̀ tó dé. Kò dí ooru lọ́wọ́ rárá, torí bó ṣe tínrín. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gun ara wọn ní 20 cm, kí ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ sì jẹ́ kó gun ògiri díẹ̀. Ẹ ó gé e nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi sìkátìn, ìyẹn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ yíká ìsàlẹ̀ ògiri, sí i. Bí rọ́bà náà bá ti ní náílọ̀n tirẹ̀ lára, téèpù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan lẹ nílò. Ṣùgbọ́n ọ̀rinrin tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ni náílọ̀n lè dá dúró. Bí ẹ bá rí omi tó ń sun, tàbí ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ lára kọnkéré àti ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ má tẹ́ nǹkan kan síbẹ̀ títí wọn yóò fi tún ojú ọ̀nà omi ìta ilé ṣe.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀, báyìí ni kí iṣẹ́ ṣe lọ. Kí wọ́n ti tan ilẹ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ì báà jẹ́ ìgbà ooru, kó lè lé ọ̀rinrin inú kọnkéré jáde. Bó ṣe ń gbóná lọ́wọ́, ẹ gé náílọ̀n tó mọ́ gaara, 45 cm ní ìbú àti gígùn, kí ẹ fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ kọnkéré pinpin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 16 ó kéré tán. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú rẹ̀, tàbí tí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, kò tíì gbẹ. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ìta. Ojú kọnkéré nìkan ni àyẹ̀wò yìí ń sọ o. Àwọn kan máa ń lu ihò sí kọnkéré láti wọn ọ̀rinrin inú rẹ̀. Ó péye ju ti náílọ̀n lọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ ìluhò kan ilẹ̀ yẹn láìmọ ibi tí páìpù gbà.

Ọ̀rọ̀ páìpù yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ, Bàbá, torí ọwọ́ káfíńtà máa ń yá sí ìṣó. Ẹ má kan ìṣó tàbí ìdè kan ṣoṣo mọ́ ilẹ̀ náà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wà lẹ́nu ọ̀nà, gọ́ọ̀mù ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́. Sìkátìn, ara ògiri ni kí ẹ kàn án mọ́, kì í ṣe ilẹ̀, kì í sì í ṣe pákó. Ihò ìṣó kan nínú páìpù lè mú kí wọ́n fọ́ kọnkéré.

Ẹ gbé réńjì 2 mítà, ọ̀pá gígùn tó tọ́ tí bíríkìlà fi ń yẹ ilẹ̀ wò, lé ilẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà. Ibi tó bá jìn ju 3 mm lọ, ẹ fi sìmẹ́ńtì ìtẹ́jú tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ gbígbóná dí i. Ibi tó bá yọ sókè, ẹ fi òkúta ìlọ̀ lọ̀ ọ́. Ìtẹ́lẹ̀ kì í tún ilẹ̀ tí kò tẹ́jú ṣe, ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ po síbi tó jìn kàn ń wá ibi tí pákó máa ti kọ́kọ́ ya ni.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ rẹ ooru sílẹ̀ kí ilẹ̀ wà ní nǹkan bí 18°C. Ẹ gbé páálí pákó wọ yàrá náà láì tú u, kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja fún wákàtí 48. Lẹ́yìn náà, náílọ̀n, ìtẹ́lẹ̀, pákó. Ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ gun ara wọn, kí wọ́n fẹnu kora ni, kí téèpù dì wọ́n. Ẹ fi àlàfo 10 mm sílẹ̀ létí gbogbo ògiri, àti yíká páìpù tó bá yọ jáde. Orí pákó ìlà kan kò gbọdọ̀ sún mọ́ ti ìlà kejì ju 30 cm lọ. Bí ilẹ̀ yàrá kan bá ń gbóná tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò gbóná, ẹ gé pákó lẹ́nu ọ̀nà, torí wọn kò ní wú bákan náà.

Ẹ fi ooru sílẹ̀ ní 18°C fún ọjọ́ mẹ́ta sí i, kí ẹ tó máa fi nǹkan bí 5°C gbé ooru omi sókè lójoojúmọ́. Ojú pákó kò gbọdọ̀ kọjá 27 sí 28°C títí ayé. Ní ti afẹ́fẹ́ yàrá, ẹni tó mọ ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ ìgbà òtútù Kánádà nínú ilé: ètè á bó, igi á sún kì. Kí wọ́n ra ẹ̀rọ tó ń fọ́n ìrì, kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orí pákó á máa ya síra.

Láti Òwódé, Ọ̀yọ́

Inú ọyẹ́, nínú oṣù kejìlá, la tẹ́ wúdín táìlì sí pálọ̀ wa, ìsàlẹ̀ ilé ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, etí àwọn pákó kan ti wú, ibì kan láàárín pálọ̀ sì gbé sókè bí ikùn. Tí a bá tẹ̀ ẹ́, á lọ sílẹ̀, á tún padà gbé sókè. Ẹni tó tẹ́ ẹ ní òjò ló wọlé. Òjò ò wọlé wa. Fóòmù funfun tínrín nìkan ló tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìsàn méjì ló wà lára ilẹ̀ yín, ẹ má kó wọn pọ̀.

Èyí tó gbé sókè bí ikùn ni kò ní àlàfo. Ọyẹ́ ló máa ń gbẹ pákó jù lọ́dún, ìgbà tó kéré jù ni wọ́n tẹ́ ẹ. Nígbà tí òjò dé, afẹ́fẹ́ rin, pákó fẹ̀, ògiri kò sì jẹ́ kó rí ibi lọ. Ẹ yọ sìkátìn níbi tó kọjú sí ikùn náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá pákó tó fara ti ògiri pátápátá, tàbí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí àlàfo. Ẹ wo abẹ́ férémù ilẹ̀kùn náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé jù. Ẹ gé etí pákó títí àlàfo 10 mm á fi wà. Ikùn náà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí ẹnu pákó kò bá tíì ya. Àpótí ìkówèé tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tó wúwo gan-an tún máa ń di pákó mọ́lẹ̀ lápá kan, tí apá kejì á fi gbé sókè.

Etí tó wú ní tirẹ̀, omi ló mu. Bí kò bá gba òkè wọlé, abẹ́ ló ti wá. Nígbà tí wọ́n ń da jámánì fíloò, ó yẹ kí náílọ̀n wà lórí ilẹ̀ pupa tí wọ́n kì mọ́lẹ̀, kí kọnkéré tó dé orí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọn kì í fi sí i, tàbí kó jẹ́ pé bárò àti ṣọ́bìrì ti ya á kí kọnkéré tó dé. Lórí táìlì, èèyàn lè má mọ̀ fún ogún ọdún. Lórí lámínéètì, òjò kan péré tó. Fóòmù funfun yẹn kò sì lè dá ọ̀rinrin dúró, torí náílọ̀n kò sí lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí téèpù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣí pákó mẹ́ta mẹ́rin láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bí kọnkéré bá dúdú, tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tí abẹ́ fóòmù ń rin, ìdáhùn ti dé. Pákó tó ti wú létí kì í padà sípò, ẹ kó wọn dànù. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ náà rí afẹ́fẹ́, kí ẹ fi náílọ̀n 45 cm tí a sọ lókè yẹn yẹ̀ ẹ́ wò láàárín òjò, kì í ṣe nínú ọyẹ́. Nínú ọyẹ́, gbogbo ilẹ̀ ló ń gbẹ. Bí ìrì tó sẹ̀ bá kéré, náílọ̀n 0.2 mm tí ẹ lẹ̀ pinpin á gbà á. Bí omi bá ń ṣe tótó nínú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ pe ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀dà epoxy tó ń dènà omi, kó kùn ún lé kọnkéré lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ jẹ́ kí táìlì padà síbẹ̀. Lójú tiwa, táìlì ló tọ́ fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ikán pẹ̀lú. Ìyẹ̀fun igi ni inú pákó yìí, oúnjẹ ikán ni, náílọ̀n kì í sì í dá ikán dúró. Gbogbo ibi tí kọnkéré bá ti sán, pàápàá ibi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé, ẹ fi sìmẹ́ńtì dí i, kí ẹ sì pe ẹni tó ń fín ikán kí pákó tuntun tó wọlé. Ẹni tó bá ń nu ilẹ̀ kò gbọdọ̀ da omi sí i bí a ṣe ń ṣe lórí sìmẹ́ńtì. Àkísà tí wọ́n fún gbẹ dáadáa ni.

Láti Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ṣé mo lè tẹ́ lámínéètì lé táìlì tó wà nílẹ̀? Mo sì fẹ́ kí fóòmù rẹ̀ jẹ́ méjì kí ariwo ẹsẹ̀ má lọ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ lè tẹ́ ẹ, bí táìlì náà bá dúró ṣinṣin. Ẹ fi orí òòlù onígi kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ ṣí i, kí ẹ tún un lẹ̀. Ìlà àárín táìlì tí kò jìn ju 3 mm lọ kò ní ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí rọ́gì ló wà nílẹ̀, ẹ ká a kúrò pátápátá.

Fóòmù méjì kò dára. Pákó á máa jó lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ya, ariwo kò sì ní dín. Ìwúwo ló ń pa ariwo. Rọ́bà kan tó wúwo, 2 sí 3 mm, ṣe é ju fóòmù rírọ̀ 6 mm lọ. Torí akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ibẹ̀, ẹ ra pákó tí wọ́n kọ AC4 sí lára, kì í ṣe AC3 (AC ló ń sọ bí ojú pákó ṣe lè gba ìhá tó, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ló le jù), àga á máa wọ́ lórí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Láti Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Yàrá mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Kí ni kí n rà, kí owó mi má ṣòfò?

Ìdáhùn: Ìyá wa, yàrá yín jẹ́ 3.66 mítà sí 4.27 mítà, ìyẹn 15.6 m². Ẹ fi ìdámẹ́wàá kún un fún pákó tí wọ́n máa gé dànù, ó di nǹkan bí 17.2 m². Ẹ wo ara páálí. Bí páálí kan bá gba 2 m², mẹ́sàn-án ni kí ẹ rà. Ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àwọ̀ rẹ̀ bára mu, kí ẹ sì tọ́jú pákó méjì tó bá ṣẹ́ kù fún ọjọ́ àtúnṣe.

Ní ti náílọ̀n, bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 2 mítà, ẹ gé e ní ọ̀nà méjì, 4.4 mítà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó na gígùn yàrá. Méjèèjì á fi 20 cm gun ara wọn, wọ́n á sì tún gun ògiri díẹ̀. 8.8 mítà ni gbogbo rẹ̀. Ìtẹ́lẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n gé, 4.27 mítà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ra 17.1 mítà. Bí wọ́n bá dábùú rẹ̀, ọ̀nà márùn-ún ló máa gbà, ó sì máa gba 18.3 mítà lọ́wọ́ yín, torí náà ẹ dúró tì wọ́n kí wọ́n tó gé e. Sìkátìn á gbà tó 15 mítà, bí ẹnu ọ̀nà bá jẹ́ ọ̀kan. Téèpù rólù kan tó.

Láti ọ̀dọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àgbà. Iná ẹlẹ́tíríìkì tó ń mú ilẹ̀ gbóná, tó pẹlẹbẹ bí ìwé, ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sábẹ́ lámínéètì mi, kì í ṣe páìpù. Ṣé rọ́bà tínrín yẹn náà ni n ó fi sí i? Mo sì ní rọ́gì nípọn kan tí mo fẹ́ tẹ́ sórí rẹ̀.

Ìdáhùn: Rárá, tìrẹ yàtọ̀. Iná tìrẹ kò sí nínú kọnkéré, orí rẹ̀ ló wà. Ohun tó wà lábẹ́ iná ló gbọ́dọ̀ dí ooru, kó má bàa wọ inú kọnkéré lọ. Ohun tó wà lókè rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá. Nítorí náà, pátákó fóòmù líle 6 mm tí wọ́n ṣe fún iná yìí ló máa wà nísàlẹ̀, iná á wà lórí rẹ̀, náílọ̀n á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pákó, láìsí ìtẹ́lẹ̀ mìíràn láàárín. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe iná náà bá to tirẹ̀ lọ́nà mìíràn, tiwọn ni kí o tẹ̀ lé. Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí ni kó so wáyà rẹ̀.

Ní ti rọ́gì, gbé e lọ sí yàrá tí kò ní iná nílẹ̀. Ooru á há sábẹ́ rẹ̀, ojú pákó ibẹ̀ á kọjá 28°C, orí pákó á sì ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì tàbí kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ní ẹsẹ̀, tó jókòó mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ. Sọ fún oníṣẹ́ iná kó má tẹ́ iná síbi tí irú wọn máa wà. Wáyà kékeré tó ń wọn ooru ilẹ̀, kó fi í síbi tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, tí oòrùn ojú fèrèsé kò sì lè dé, kí nọ́ńbà tó ń fi hàn lè jẹ́ ti ilẹ̀ yàrá gan-an.